Ọ̀rọ̀ tí ọkàn ń sọ kí ọwọ́ tó kan ife: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awakọ̀ Ọ̀nà Ifẹ̀

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Awakọ̀ èrò ni mí láti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yìn ríro ni mo kọ́kọ́ ń fi paraga wò, mo sì mu ún títí ó fi di bárakú fún mi, débi pé fún ọdún 9, n kì í lè gbé ọkọ̀ kúrò ní gáréèjì láìjẹ́ pé mo ti da ife méjì sí ọ̀fun. Ní oṣù 5 sẹ́yìn ni mo lọ rí dókítà, mo sì jáwọ́. Ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ mi ti ń sún mọ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ pè mí lórí fóònù nítorí owó dèlífárì, ìyẹn owó ọkọ̀ tí mo ń san fún un, tó kù 4,000 náírà, ó sì rọ̀jò èébú lé mi lórí tí ẹni tó jókòó síwájú ń gbọ́. N kò fèsì. Mo já èrò sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi tààrà lọ síwájú obìnrin tó ń ta paraga bí ẹni tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn. Mo mu ife kan. Bí mo ti gbé ife náà kalẹ̀ ni nǹkan kan sọ nínú mi pé, "Ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn," ni mo bá mu 6 mìíràn lé e. Èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀ délé lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé èébú kì í ṣe tuntun sí mi. Kí ló dé tí ìbínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi lè ba iṣẹ́ oṣù 5 jẹ́? Ṣé ọtí náà ló ṣì ń pè mí ni, àbí ọkàn mi ni kò gbọ́ràn?

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹnikẹ́ni tó gbà yín nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé fóònù sílẹ̀ títí ẹ fi dé iwájú obìnrin yẹn, kí ni ẹ ń sọ fún ara yín? Ẹ má ṣe tún un ṣe kó lè dùn ún kà. Ẹ kọ ọ́ bó ti rí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ifẹ̀

Mo jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì rò ó títí. Ohun tí mo rántí nìyí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé, "Ọkùnrin ẹni ọdún 43 ni wọ́n ń bú bí ọmọ ọ̀dọ̀ yìí." Ó tún di pé, "Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é, ẹnikẹ́ni kò ní í kà mí sí láéláé." Nígbà tí mo sọdá títì, ó di pé, "Ọ̀mùtí ni wọ́n kúkú ń pè mí, kí ni mo tún ń pa mọ́?" Nígbà tí mo rí kẹ́ẹ̀gì náà, ohùn náà rọlẹ̀, ó ní, "Ife kan péré, kí àyà mi lè rọ̀."

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọdún 17 ni mo ti lò nídìí ìtọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún, ẹni tó sì lè kọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ kedere báyìí kò wọ́pọ̀. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́rin yẹn dáadáa. Ọ̀gá ọkọ̀ kò sọ ọ̀kankan nínú wọn. Èébú ni ọ̀gá bú. Pé ẹnikẹ́ni kò ní í kà á sí láéláé, ọkàn arákùnrin wa fúnra rẹ̀ ló sọ ìyẹn. Ìbínú tí èébú mú wá lè rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n "láéláé" kò ní òpin, ìrora tí kò sì ní òpin ni ènìyàn máa ń fi ìkánjú wá oògùn fún.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, dókítà ọpọlọ kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Aaron Beck, ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìbànújẹ́ dorí wọn kodò máa ń ní èrò kan tó ń kọjá fìrí lọ́kàn wọn, tí wọn kì í dá dúró yẹ̀ wò, tí wọ́n sì máa ń gbà bí òtítọ́ pọ́ńbélé. Ó gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ lórí kíkọ́ aláìsàn láti mú èrò náà, kó sì bi í léèrè ẹ̀rí. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní bárakú, wọ́n rí oríṣi èrò mẹ́ta tí ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀kan ń retí adùn: bí mo bá mu ún, ara mi á yá. Òmíràn ń wá ìtura: láìsí èyí, àyà mi kò ní í rọ̀. Ẹ̀kẹta ń fúnni láyè: ife kan péré, ó tọ́ sí mi lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí lónìí. Lójú tèmi, ẹ̀kẹta yìí ló léwu jù, nítorí pé ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé arákùnrin wa sọ pé nígbà tí òun rí kẹ́ẹ̀gì, ohùn náà rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ife keje. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Alan Marlatt, ní yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ti jáwọ́, tó wá fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ní 1985, òun àti Judith Gordon tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn kò ṣe ní í padà sẹ́yìn. Kókó ibẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín yíyọ̀ lẹ́sẹ̀ àti ṣíṣubú pátápátá, àti pé ohun tí ènìyàn sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ife kìíní wà lára ohun tó máa ń sọ bí yóò ṣe parí. Ẹni tó bá ní, "Mo ṣe àṣìṣe, ohun tó fà á rèé," sábà máa ń dìde. Ẹni tó bá ní, "Bí mo ṣe rí nìyẹn, n kò wúlò," ìtìjú á dé bá a, ìtìjú náà á dùn ún, ohun kan ṣoṣo tó sì mọ̀ tí ń pa irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu. Arákùnrin mi, ọ̀gá yín lè ní ọwọ́ nínú ife kìíní. "Ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn" ló mu 6 yòókù.

Àwọn ìyá wa máa ń sọ fún abiyamọ tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ọ̀fọ̀ ni, n kì í sì í lò ó ṣeré, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ létí ibùsùn àwọn tó padà sẹ́yìn, mo sì rí bí ojú wọn ṣe yí padà. Oṣù 5 tí ẹ lò, ara yín lò ó. Ẹ̀dọ̀ yín sinmi, ọpọlọ yín sinmi, àwọn ọmọ yín rí baba wọn. Kò sí ife tó lè padà lọ gba ìyẹn.

Ohun kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un. Ọtí tó pẹ́ lára máa ń sọ apá iwájú ọpọlọ, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, di aláìlágbára, ó sì máa ń jẹ́ kí ibi tí ìpayà àti ìbínú ti ń jáde gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó bọ̀ sípò. Nítorí náà, èébú tí ẹ lè fara dà ní ọdún 10 sẹ́yìn lè gún yín bí ọ̀bẹ lónìí, kì í sì í ṣe pé ẹ ya ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ ṣì ń mu ọtí líle lójoojúmọ́, ẹ má ṣe fi agídí dá a dúró lójijì nílé. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kí ẹ tó mu, bí òógùn bá ń bò yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Gìrì lè mú ẹni tó dá a dúró lójijì láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dàrú láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, tí yóò máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó ń pa ènìyàn.

Olùkọ́ Àgbà

Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ tán. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: fífi ipá lé èrò jáde kì í ṣiṣẹ́. Ní 1987, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, Daniel Wegner, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n má ṣe ronú nípa ẹranko béárì funfun, ṣùgbọ́n kí wọ́n lu agogo nígbàkígbà tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Agogo kò sinmi. Nígbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda fún wọn láti ronú nípa rẹ̀, ó wá sí wọn lọ́kàn ju ti àwọn tí a kò dá lẹ́kun rí lọ. Ẹni tó bá ń tẹnu mọ́ ọn fún ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ pé, "N kò gbọdọ̀ ronú nípa ọtí," ọtí náà ló ń rò.

Àbẹ̀kẹ́ Aránṣọ

Béárì yẹn bá mi fínra fún ọdún kan gbáko.

Omi ìkọ́ tó ní kódíìn nínú ni bárakú tèmi. Mo ń pò ó mọ́ mínírà, mo ń gbé e sábẹ́ tábìlì ìránṣọ. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní May 2018, owó rẹ̀ fò sókè, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ oníbàárà kí n lè rí i rà. Ní 2019 ni wọ́n gbé mi lọ fún ìtọ́jú.

Gbólóhùn tèmi ni, "N kò lè fara dà á." Bí oníbàárà bá pariwo, n kò lè fara dà á. Bí iná bá lọ nígbà tí aṣọ ìgbéyàwó wà lórí ẹ̀rọ, n kò lè fara dà á. Ẹni tó ń tọ́jú mi ní kí n pín ojú ìwé sí méjì. Ní apá òsì, kí n kọ ohun tí ọkàn mi sọ gan-an. Ní apá ọ̀tún, kí n kọ ohun tí n óò sọ fún àbúrò mi bó bá jẹ́ òun ló wá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kọ sí apá òsì pé, "N kò lè fara dà á." Mo wo apá ọ̀tún títí, ohun tó jáde ni pé, "O ti fara dà á lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún láti ọjọ́ Ajé." Mo kà á nínú ìwé náà ni, òtítọ́ ni. Ẹkún gbọ̀n mí.

Ohun kejì tó gbà mí ni ti ìgbì. Ọ̀dọ̀ Marlatt tí nọ́ọ̀sì dárúkọ yẹn náà ni wọ́n ní ó ti wá. Ìyánhànhàn fún oògùn dà bí ìgbì òkun: ó ń ga, ó dé góńgó, ó sì ń wálẹ̀. Ohun tí èrò wa máa ń sọ fún wa ni pé yóò máa ga títí yóò fi gbé wa lọ. A kì í bá ìgbì jà, a kì í sì í sá fún un. A máa ń jókòó wò ó. Mo máa ń gbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí n yí aago sí ìṣẹ́jú 30, kí n wá máa sọ ohun tí ara mi ń ṣe jẹ́jẹ́: itọ́ ń gbẹ lẹ́nu mi, èjìká mi le, àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí aago tó dún, ó ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí mo lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ìyá ni èmi. Ọmọkùnrin mi ló ń lo tramadol, oògùn ìrora, ó sì bọ́ sórí kolorádò, ewé tí wọ́n fi kẹ́míkà pò tí wọ́n ń fà bí igbó. Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará ilé sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹnu wa ni púpọ̀ nínú gbólóhùn tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń jáde.

Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún un pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo rò pé ìtìjú yóò mú un jáwọ́. Nígbà tí ó bọ̀ sípò díẹ̀, ó sọ fún mi pé bí òun bá ti lo oògùn tán, ohùn mi ni òun máa ń gbọ́, àti pé alẹ́ ọjọ́ kan wà tí òun jókòó tí òun ń rò ó pé bóyá kí òun kúkú gba ikú náà. Àyà mi já. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi òwe yẹn sẹ́nu mọ́ nínú ilé mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, kó má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

A tún sọ pé ayé ló ń ṣe é. Mo gbàdúrà, mo ṣì ń gbàdúrà, n kò sì ní í dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun àdúrà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ fún ọmọ pé àwọn ọ̀tá ló dì í mú, a ti gba ìdí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí inú bá bí i, ọ̀tá ni. Bí ó bá mu ún, ọ̀tá ni. Kò sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè yí padà. Nísinsìnyí, bí mo bá rí i tí ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́, mo máa ń béèrè pé, "Kí ni ọkàn ń sọ?" Mo máa ń gbọ́ ọ tán kí n tó lanu. Ó ṣòro fún ìyá láti dákẹ́, ṣùgbọ́n mo ń kọ́ ọ.

Tẹ́tẹ́ Ti Tán

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni tèmi, kò sí ohun tí mo mu. "Ó kù díẹ̀" ni gbólóhùn mi. Bí ìdíje 9 nínú 10 bá wọlé, mo pàdánù owó mi pátápátá, ṣùgbọ́n ọkàn mi á ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́, inú mi á sì dùn bí ẹni tó jẹ. Mo ti wá ń kọ iye tó jáde lápò mi sára ògiri báyìí. Náírà kò mọ "ó kù díẹ̀".

Alágbàro

Ẹ má bínú sí mi. Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn arákùnrin yìí ṣì ń ro ó, ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń bú u, owó dèlífárì kò dín. Ṣé èrò ọkàn ni yóò fi san 4,000? Ó ń dùn mí nígbà tí a bá ń sọ fún tálákà pé ìrònú rẹ̀ ni kò tọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Òótọ́ lẹ sọ, n kò sì ní í bá yín jiyàn. Ẹ̀yìn ríro ni ìlẹ̀kùn tí paraga gbà wọlé, a gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn náà. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, àti iléeṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa ṣe fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn, àti pé ẹnì kan nínú 5 nínú wọn ni ó ti di àìsàn fún. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìrònú wọn ṣàdédé wọ́. Owó ìtọ́jú ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. N óò máa pariwo ìyẹn títí n óò fi fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. "Owó kù, ọ̀gá sì burú" jẹ́ òtítọ́. "Ẹnikẹ́ni kò ní í kà mí sí láéláé" kì í ṣe òtítọ́. Bí ènìyàn bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, yóò ní agbára láti bá ọ̀gá dúnàádúrà, tàbí láti wá ọ̀gá mìíràn. Bí ó bá dà wọ́n pọ̀, kẹ́ẹ̀gì nìkan ló kù. Àwọn dókítà wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò ní Abẹ́òkúta, níbi tí dókítà ọpọlọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, wọ́n wà ní ti Yábàá ní Èkó, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tí arákùnrin wa wà. Kí ó padà sí ọ̀dọ̀ dókítà tó kọ́kọ́ rí, kí ó sọ pé òun yọ̀ lẹ́sẹ̀, kí ó sọ ti ẹ̀yìn náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé, ọdún 6 rèé tí n kò fẹnu kan ọtí. Ìpàdé Alcoholics Anonymous ni mo ń lọ, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mùtí méjì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ní 1935. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n tó gba ohunkóhun tí ọkàn bá sọ gbọ́, kí n kọ́kọ́ bi ara mi ní nǹkan mẹ́rin: ṣé ebi ń pa mí, ṣé inú ń bí mi, ṣé mo dá wà, ṣé ó rẹ̀ mí? Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní agogo 7 àárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ènìyàn ní ayé ló kórìíra mi. Bí mo bá jẹun tí mo sì sùn, ní agogo 3 ọ̀sán, wọn kò kórìíra mi mọ́. Àwọn ènìyàn náà kò yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni ẹ jẹun gbẹ̀yìn ní Ọjọ́bọ̀ yẹn?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ifẹ̀

Búrẹ́dì ní agogo 6 àárọ̀. Ó ti tó agogo 4 ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọ̀gá pè. N kò rò ó rí.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ifẹ̀ (lẹ́yìn ọjọ́ 16)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti padà lọ rí dókítà. Kò bú mi. Ó fún mi ní oògùn fún ẹ̀yìn, ó sì fi mí sọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Lánàá, ọ̀gá tún pè, 2,500 ló kù lọ́tẹ̀ yìí, èébú náà sì pé bí ti tẹ́lẹ̀. Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ ni ohùn yẹn dé: "Ẹnikẹ́ni kò ní í kà ọ́ sí." Mo fa ìwé kékeré tí mo fi ń kọ iye èrò jáde, mo kọ ọ́ sí apá òsì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bírò fi ya bébà. Ohun tí mo kọ sí apá ọ̀tún kò gùn: "Owó ni ọ̀gá ń bínú sí. Ọmọbìnrin rẹ fọ ife tíì fún ọ láàárọ̀ yìí." Mo ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo yí aago sí ìṣẹ́jú 30.

Obìnrin náà rí mi láti òdìkejì, ó sì pariwo bó ti máa ń ṣe pé, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ọ̀pá ẹ̀yìn ti dé o!" Mo juwọ́ sí i. Gbogbo ara mi ló ń fà lọ síbẹ̀. Mo ń ka á bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe kọ́ mi, itọ́, èjìká, àtẹ́lẹwọ́. Ní ìṣẹ́jú 19, kọ̀ńdọ́kítọ̀ lu ara ọkọ̀ pé èrò ti pé. Ìyánhànhàn náà kò tíì lọ nígbà tí mo gbé ọkọ̀ jáde, n kò ní í purọ́ fún yín. Ìgbà tí a kọjá Ìkirè ni mo tó ṣàkíyèsí pé èjìká mi ti rọ̀, àti pé aago ti dún tipẹ́ tí n kò gbọ́.